Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì nínú ilé kan: ọ̀nà wo ló dára jù?

Atẹ̀wé Akọ̀bọ̀

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dà wá láàmú nínú ilé wa ní Akọ̀bọ̀, n'Íbàdàn, mo sì fẹ́ fi lọ̀ yín kí n tó náwó sí i. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni à ń gbé. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn òbí mi wà nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìdílé rẹ̀ sì wà lókè. Íntánẹ́ẹ̀tì tiwa nísàlẹ̀ ń gba inú okùn fáíbà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ráútà 4G tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ń san owó dátà náà, wọ́n sì ti sọ fún un pé ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ lò ó. Nítorí náà, a kò lè pa íntánẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni a ní. Aláwọ̀ dúdú tó ń lo tónà ni, ìyàwó mi sì fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní lẹ́sìnnì. Ó ní ihò USB, ó ní ihò okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì ní Wi-Fi. Wi-Fi ìsàlẹ̀ ni a so ó mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ tẹ ìwé, àfi kó fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kí n ṣí i lórí láàpútọ́ọ̀pù mi, kí n sì bá a tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà inú fáìlì Word rẹ̀ sábà máa ń yí padà lórí kọ̀ǹpútà tèmi, tí ìlà tó yẹ kó wà lójú ewé kìíní á já bọ́ sí ojú ewé kejì. Bí mo bá sì jáde nílé, iṣẹ́ rẹ̀ dúró nìyẹn títí n óò fi dé.

Àdírẹ́sì àwọn ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1, ti òkè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.8. Bí láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi bá wà lórí Wi-Fi tirẹ̀, kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà rárá. Ṣé ọ̀nà wà tí òkè àti ìsàlẹ̀ fi lè máa tẹ ìwé lórí ẹ̀rọ yìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lo dátà ẹnìkejì tàbí wọ inú kọ̀ǹpútà ẹnìkejì?

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ ṣeun tí ẹ là á kalẹ̀ dáadáa. Àdírẹ́sì méjèèjì tí ẹ kọ síbẹ̀ ti gbà wá lọ́wọ́ ìbéèrè púpọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó yé wa ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bí ilé-iṣẹ́ méjèèjì bá já lóru òní, ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n yín ṣì lè tẹ ìwé, nítorí pé láti òkè dé ìsàlẹ̀ ilé kan náà ni iṣẹ́ náà ń lọ. Ìdí tí kò fi rí ẹ̀rọ náà pé méjì, ó sì dára kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, torí pé ẹni tó bá yanjú ọ̀kan tí kò yanjú èkejì yóò rò pé òun kò ṣe nǹkan kan.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì. Àwọn àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 wà lára àwọn tí a ti yà sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé láti ọdún 1996, àwọn àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 àti èyí tó wà láàárín 172.16 sí 172.31. Ẹgbàágbèje ilé ló ń lo àwọn nọ́ńbà kan náà, nítorí náà íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbé wọn kiri. Ká ní 192.168.1.60 ni àdírẹ́sì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bí láàpútọ́ọ̀pù òkè bá ń wá a, yóò rí i pé kò sí nínú agbo tirẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú rẹ̀, yóò sì gbé e lé ráútà 4G lọ́wọ́. Ráútà yẹn náà kò mọ ibẹ̀. Yóò tì í síta sí ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí.

Èkejì ni bí ẹ̀rọ ṣe ń fi ara rẹ̀ hàn. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní mDNS, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń kéde ara rẹ̀ lórí àdírẹ́sì 224.0.0.251, port 5353 (port ni nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà wọ inú ẹ̀rọ), kí fóònù àti kọ̀ǹpútà lè rí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nọ́ńbà kankan. Ìkéde yìí kì í kọjá ráútà. Inú agbo kan náà ló ń parí sí. Nítorí náà, kódà bí a bá la ọ̀nà àdírẹ́sì láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ní yọjú fúnra rẹ̀ lórí láàpútọ́ọ̀pù òkè. Ẹ óò ní láti fi àdírẹ́sì rẹ̀ kún un pẹ̀lú ọwọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lórí nǹkan méjì: ṣé okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ti òkè dé ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, ṣé ẹ sì ní ráútà àtijọ́ kan nílé tí ẹ kò lò mọ́?

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ṣé kò ní rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ fa okùn kan láti ihò LAN ráútà ìsàlẹ̀, ìyẹn ihò tí a ń so àwọn ẹ̀rọ inú ilé mọ́, sí ihò LAN ráútà òkè, kí ẹ sì yí àdírẹ́sì òkè padà kó lè bá ti ìsàlẹ̀ mu. Gbogbo ẹ̀rọ á wà nínú agbo kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á sì yọjú sí gbogbo wọn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ tó sì ṣiṣẹ́.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú

Ẹ má bínú, Ọmọ Ẹ̀gbá, mi ò gbà pé kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, pàápàá pẹ̀lú ohun tí ẹni tó béèrè sọ nípa dátà ibi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú ráútà kọ̀ọ̀kan ni DHCP wà, èyí tó ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó sì tún ń sọ fún un pé, "Èmi ni ẹnubodè tí wàá máa gbà jáde." Bí ráútà méjì bá ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú agbo kan, èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé. Fóònù ìyá wọn nísàlẹ̀ lè jí láàárọ̀ kó gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ráútà òkè, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi dátà ibi iṣẹ́ wo fídíò, láìsí ẹni tó mọ̀. Láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n náà lè já bọ́ sórí fáíbà ìsàlẹ̀ láàárín ìpàdé.

A lè pa DHCP ọ̀kan, kí a sì máa fi ọwọ́ yan ẹnubodè fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lókè. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ibi tí ẹ ti rí i sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n agbo ti di ọ̀kan nìyẹn: kọ̀ǹpútà òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń rí ara wọn, àlejò tó bá gba Wi-Fi ìsàlẹ̀ sì lè máa yẹ ẹ̀rọ òkè wò. Ìyẹn lòdì sí ohun tí wọ́n béèrè.

Ará Peckham

Ẹ kú ìjíròrò. Ilé méjì tó jìnnà síra ni ọ̀rọ̀ tiwa níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ní Peckham, àbúrò mi ní òdìkejì odò, nítorí náà okùn kò lè ràn wá lọ́wọ́. Google Cloud Print ni a ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Google pa á rẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a wá bọ́ sórí iṣẹ́ tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra wọn ń ṣe: HP àti Epson máa ń fún àwọn kan lára ẹ̀rọ wọn ní àdírẹ́sì ímeèlì, tó fi jẹ́ pé bí a bá fi ìwé ránṣẹ́ sí ímeèlì náà, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́. Ó ń kọjá láàárín ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjì láìsí wàhálà, nítorí pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń jáde lọ béèrè iṣẹ́.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú

Fún ilé méjì, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Fún ilé kan náà, mi ò ní gbà wọ́n níyànjú. Ìbéèrè ìdánwò àti ìwé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀, kò sì sí ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò fi rìn dé orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun kó tó padà wá sí yàrá ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì lọ, ìtẹ̀wé lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó rọrùn jù, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní ní Wi-Fi Direct. Ẹ̀rọ náà máa ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré tirẹ̀ sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DIRECT, ó sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Ẹ fi okùn so ẹ̀rọ náà mọ́ ráútà ìsàlẹ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tan Wi-Fi Direct fún ẹni tó wà lókè. Agbo méjèèjì kò ní pàdé rárá, ẹ kò sì ní ná kọ́bọ̀.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá, nítorí pé lórí àwọn kan, ní kété tí ẹ bá ti ki okùn bọ̀ ọ́, Wi-Fi rẹ̀ á kú. Ohun kejì ni pé láàpútọ́ọ̀pù tó bá so mọ́ orúkọ DIRECT yẹn bí ẹni so mọ́ Wi-Fi lásán yóò ní láti fi Wi-Fi tirẹ̀ sílẹ̀ títí ìwé yóò fi jáde. Fún ẹni tó ń tẹ ìwé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú. Ẹni tó ń tẹ̀wé ní gbogbo wákàtí ni yóò sú.

Atẹ̀wé Akọ̀bọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, mo ti tan Wi-Fi Direct wò. Fóònù tí mo gbé sún mọ́ ẹ̀rọ náà rí i, ó sì tẹ̀wé. Láti yàrá iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, agbára Wi-Fi rẹ̀ kéré gan-an, nítorí dẹ́kì ló wà láàárín wa, yàrá rẹ̀ sì wà ní òdìkejì ilé. Nígbà mìíràn ó so mọ́ ọn, nígbà mìíràn kò so.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ béèrè nǹkan méjì. Okùn lè dé: páìpù tí wọ́n gba wáyà díìṣì kọjá tẹ́lẹ̀ ṣì wà lára ògiri, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Mo sì ní ráútà kékeré kan tí a kò lò mọ́, èyí tó ní ihò WAN kan, tí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbà wọlé, àti ihò LAN mẹ́rin.

Oníkóòdù Ìlọrin

Kí ẹ tó lọ sórí ráútà, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba Raspberry Pi, torí pé òun ló mọ́ jù nínú gbogbo ọ̀nà yìí lójú tèmi. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, ó ní ihò okùn, ó sì ní Wi-Fi. Ẹ fi okùn so ó mọ́ ráútà ìsàlẹ̀, ẹ fi Wi-Fi rẹ̀ so mọ́ ti òkè, kí ẹ sì fi CUPS sí i. CUPS ni Linux àti kọ̀ǹpútà Apple fi ń bójú tó ìtẹ̀wé, ó sì ń gba iṣẹ́ lórí port 631. Pi yìí yóò kéde ẹ̀rọ náà nínú agbo méjèèjì, tó fi jẹ́ pé iPhone pàápàá yóò rí i fúnra rẹ̀. Bí Linux ṣe wà látilẹ̀, kì í gbé dátà láti inú agbo kan sí èkejì àfi bí ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìwé nìkan ni yóò máa kọjá.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Iná tó ń lọ lójijì máa ń ba káàdì ìrántí rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ gbé e sórí ínfátà. Bákan náà, ẹ pa ètò tí wọ́n ń pè ní cups-browsed, nítorí pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n kéde àléébù ńlá kan nínú rẹ̀ tó lè jẹ́ kí ẹlòmíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba ibẹ̀ wọlé.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì

Oníkóòdù, mo fara mọ́ ọn pé Pi mọ́ jù, ẹni tó bá sì ní in kó lò ó. Ṣùgbọ́n ráútà ti wà nílé Atẹ̀wé, kò sì yẹ kó lọ ra nǹkan mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀, kí n sì dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ibi kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, tí iṣẹ́ wọn fi ń já sí pàbó.

Ẹ gbé ráútà àtijọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ráútà àárín. Ihò WAN rẹ̀ ni ẹ óò ki okùn tó ti òkè wá bọ̀. Ọ̀kan lára ihò LAN rẹ̀ ni ẹ óò so mọ́ ihò LAN ráútà ìsàlẹ̀, kí ẹ sì so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ihò LAN mìíràn lára rẹ̀. Kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ fi láàpútọ́ọ̀pù wọ inú rẹ̀, kí ẹ yí àdírẹ́sì LAN rẹ̀ sí 192.168.1.2, kí ẹ sì pa DHCP rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé láti pa á, ohun tí Olùkọ́ Ìjẹ̀bú ṣàlàyé yóò ṣẹlẹ̀: àwọn ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ á máa gba íntánẹ́ẹ̀tì òkè jáde. Ẹ pa Wi-Fi rẹ̀ náà, nítorí pé kò wúlò fún wa.

Ní ẹ̀gbẹ́ WAN, ẹ fún un ní àdírẹ́sì tí kò ní yí padà, bíi 192.168.8.50, kí ẹ sì rí i dájú pé kò sí láàárín àwọn tí ráútà 4G ń pín. Ẹ ṣe bákan náà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ìsàlẹ̀: ẹ fún un ní 192.168.1.60, kó má sì bọ́ sí àárín èyí tí ráútà fáíbà ń pín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ "Port Forwarding" tàbí "Virtual Server" sí nínú ráútà àárín, kí ẹ sọ fún un pé ohunkóhun tó bá dé WAN rẹ̀ lórí port 9100 kó gbé e lọ sí 192.168.1.60 lórí port 9100. Port 9100 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń gba iṣẹ́ ní tààrà. Láti òkè, àdírẹ́sì tí ẹ̀gbọ́n yín yóò máa lò ni 192.168.8.50, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú 192.168.1 rárá.

Ibi tí àwọn ènìyàn ń fò nìyí. Nínú ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ibi kan wà tí wọ́n kọ "Default Gateway" sí, ìyẹn ẹnubodè. Bí ẹ bá fi 192.168.1.1 síbẹ̀, ìyẹn ráútà fáíbà, iṣẹ́ tó ti òkè wá yóò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ kò ní padà dé òkè. Ẹ̀rọ náà yóò rí i pé láàpútọ́ọ̀pù tó ń bá òun sọ̀rọ̀, ká ní 192.168.8.110, kò sí nínú agbo òun, yóò gbé èsì fún ẹnubodè tí ẹ yàn fún un, ráútà fáíbà yóò sì tì í síta sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàpútọ́ọ̀pù yóò dúró, dúró, yóò sì sọ pé òun kò rí ẹ̀rọ. Nítorí náà, 192.168.1.2 ni kí ẹ fi sí ẹnubodè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìyẹn ráútà àárín fúnra rẹ̀. Ìyàwó yín àti àwọn ará ìsàlẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, nítorí pé ẹni tó wà nínú agbo kan náà kì í gba ẹnubodè kọjá.

Nípa dátà ibi iṣẹ́: àwọn ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ń lo 192.168.1.1 gẹ́gẹ́ bí ẹnubodè, wọn kò ní kọjá sí òkè. Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ lè fi ọwọ́ yí tirẹ̀ sí 192.168.1.2, kó sì gba íntánẹ́ẹ̀tì òkè. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, ẹ lo "Access Control" ráútà àárín, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ní àṣẹ láti gba WAN rẹ̀ kọjá.

Atẹ̀wé Akọ̀bọ̀

Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí, láti orí DHCP dé orí ẹnubodè. Mo ra okùn tó jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, mo sì gbà á inú páìpù. Ìsàlẹ̀ ń tẹ̀wé bó ṣe yẹ. Ní òkè, mo yan "Standard TCP/IP Port" lórí Windows ẹ̀gbọ́n mi, mo fi 192.168.8.50 síbẹ̀, mo sì fi ẹ̀yà ẹ̀rọ náà kún un. Ojú ewé ìdánwò àkọ́kọ́ jáde, inú wa dùn gan-an. Nígbà tó yá, Windows bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà wà ní "Offline", kò sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣì ń tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní wákàtí kan náà. Bí mo bá ní kí láàpútọ́ọ̀pù ping 192.168.8.50, ìyẹn kó pè é láti mọ̀ bóyá ó wà, kò dáhùn.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ má fi ti ping ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ ráútà kì í dá ping lóhùn ní ẹ̀gbẹ́ WAN. Àìdáhùn rẹ̀ kò fi hàn pé ọ̀nà ti dí.

Windows ló ń ṣèdájọ́ òdì. Lẹ́yìn tó bá ti mọ ẹ̀rọ, ó máa ń fi ètò mìíràn tó ń jẹ́ SNMP béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Port 161 ni ìbéèrè yẹn ń gbà, 9100 nìkan ni a sì ṣí. Bí kò bá ti rí èsì, yóò pinnu pé ẹ̀rọ ti kú, yóò sì dá iṣẹ́ dúró. Ẹ ṣí "Printer properties", ẹ lọ sí "Ports", ẹ tẹ "Configure Port", kí ẹ sì yọ àmì tó wà níwájú "SNMP Status Enabled". Ẹ tẹ OK, yóò padà sí ipò.

Atẹ̀wé Akọ̀bọ̀

Ó ti padà. Mo yọ àmì náà, gbogbo ìwé tó ti tò sílẹ̀ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ kú oríire. Mo ti rí i pé èyí sàn ju ohun tí mo dábàá lọ. Ṣé a kò lè tún ṣí port 9100 yìí lára ráútà fáíbà, kí Atẹ̀wé lè máa tẹ ìwé sílé láti ọ́fíìsì rẹ̀?

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì

Rárá o. Èyí tí a ṣí yẹn wà láàárín agbo abẹ́lé méjì, ará ilé nìkan ló lè dé ibẹ̀. Port 9100 kì í béèrè orúkọ, kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà; ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ sí i ni ẹ̀rọ yóò tẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ẹnì kan wá àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé, ó sì sọ pé nǹkan bí 50,000 nínú wọn ni òun fi tẹ ìwé ìpolówó fún ẹnì kan lórí YouTube. Ó bá wọn wí nípa àìṣọ́ra, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yàtọ̀ sí ewu, lórí íntánẹ́ẹ̀tì fóònù bíi 4G ti òkè, kò tilẹ̀ ní ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù ló ń kó oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo, wọ́n sì ń fún ráútà yín ní àdírẹ́sì inú ilé tiwọn, bíi èyí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 2012. Ohunkóhun tó bá ń bọ̀ láti ìta kò ní mọ ilé tó máa yà sí. Ará Peckham, bí ẹ̀yin àti àbúrò yín bá fẹ́ kúrò lórí ímeèlì, ẹ wo Tailscale, ètò kan tó ń so ẹ̀rọ tó wà ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé méjèèjì ló máa ń jáde lọ pàdé ara wọn, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ óò ṣí lára ráútà, ohun tó ń kọjá láàárín wọn sì wà ní títì pa, tí ẹlòmíràn kò fi lè kà á.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ráútà mẹ́ta ló ti wà nílé báyìí pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Oníkóòdù Ìlọrin

Ráútà kì í jẹ iná púpọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà lórí ínfátà kékeré látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo tónà ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Inú rẹ̀ ni rólà kan wà tó gbọ́dọ̀ gbóná gan-an kó tó lè yọ́ tónà mọ́ bébà, bó bá sì ti ń gbóná, ó lè fa iná tó tó ti áyọ́ọ̀nù fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ínfátà tí kò lágbára á já lójú ẹsẹ̀, á sì pa ráútà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lórí iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀.

Atẹ̀wé Akọ̀bọ̀

Ìmọ̀ràn yẹn bọ́ sí àkókò, a ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ku ẹyọ kan. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti tan VPN ibi iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń so láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi iṣẹ́ láti ilé, ìwé kò jáde mọ́. Bó bá pa á, iṣẹ́ tó ti fi ránṣẹ́ á jáde fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ máa tẹ̀wé láti orí iPhone náà, kò sì rí ẹ̀rọ.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ti iPhone ni n óò kọ́kọ́ dáhùn. Ìkéde mDNS ni iPhone fi ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, a sì ti sọ pé ìkéde yẹn kì í kọjá ráútà. Kí ìyàwó wọn sọ̀ kalẹ̀ sítòsí ẹ̀rọ náà, kó lo Wi-Fi Direct bí Ìyá Ìbejì ṣe ṣàlàyé, tàbí kó fi fáìlì ránṣẹ́ sí láàpútọ́ọ̀pù ọkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni yóò máa tẹ̀wé, Pi tí Oníkóòdù dábàá ló máa yanjú ìyẹn.

Ti VPN, kì í ṣe àṣìṣe nínú ohun tí ẹ ṣe. VPN ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ máa ń kó gbogbo ohun tó bá jáde lára láàpútọ́ọ̀pù, títí kan èyí tó ń lọ sí yàrá kejì, gba ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ẹ̀rọ ilé kankan fọwọ́ kan ẹ̀rọ tiwọn. Kí ẹ̀gbọ́n yín má ṣe gbìyànjú láti yí i padà fúnra wọn. Kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ wọn pé àwọn fẹ́ àyè fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì abẹ́lé nígbà tí VPN bá wà ní títàn, kí wọ́n sì sọ pé 192.168.8.50 ni àdírẹ́sì tó kan. Bí wọ́n bá kọ̀, Windows yóò máa tò ìwé náà sílẹ̀ títí wọn yóò fi pa VPN nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Atẹ̀wé Akọ̀bọ̀

Wọ́n ti gbà fún un. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n yọ̀ǹda, òun náà sì ti tẹ ìwé méjì láàárọ̀ yìí pẹ̀lú VPN ní títàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.